Ibi ìdánwò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: bí ará Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ ṣe lè ka yunifásítì ìjọba láti ọ̀nà jínjìn

Ẹni tó bá fẹ́ ka yunifásítì láti ilé rẹ̀ ní Benin, iye owó ló sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Á béèrè irú iṣẹ́ tí ìwé-ẹ̀rí náà lè fún un, á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, á sanwó. Ìgbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ni yóò tó gbọ́ pé Páríìsì tàbí Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fẹ́ kó wá jókòó kọ ọ́. Owó ọdún náà ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́.

Nítorí náà, láti ẹ̀yìn ni ìtọ́sọ́nà yìí ti ń bọ̀ wá síwájú. Ìdánwò ni àkọ́kọ́, ìwé-ẹ̀rí tẹ̀lé e, owó àti dátà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: níbo lẹ máa jókòó sí lọ́jọ́ ìdánwò?

Ọ̀nà mẹ́ta ni yunifásítì ọ̀nà jínjìn fi ń ṣe ìdánwò. Àwọn kan ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á máa ṣọ́ yín nínú yàrá yín. Àwọn kan ní ibùdó ní ìlú púpọ̀, ẹ ó lọ sí èyí tó sún mọ́ yín. Àwọn tó kù, inú ọgbà yunifásítì gan-an ni wọ́n ń pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sí, ibi yòówù kí wọ́n máa gbé.

Èyí tó ní ibùdó púpọ̀ ló bá ẹni tó wà ní ẹnubodè Benin àti Nàìjíríà mu jù. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa ni yunifásítì ọ̀nà jínjìn ti ìjọba Nàìjíríà, tí gbogbo ayé ń pè ní NOUN. Ọdún 1983 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba ológun tì í pa ní 1984, wọ́n tún un ṣí ní 2002. Àbújá ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wà káàkiri ìpínlẹ̀, Abẹ́òkúta sì ní ọ̀kan. Ará Kétu tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó sì ní mọ̀lẹ́bí tó lè gbà á sílé níbẹ̀, lè lọ kọ ìdánwò kó sì padà wálé. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀kọ́ náà látòkèdélẹ̀. Yorùbá tí a jọ ń sọ ní ẹnubodè Ìlárá kò ní gbà yín lọ́wọ́ ìwé òfin.

Sẹ̀nẹ̀gàl náà ní tirẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 gẹ́gẹ́ bí Université virtuelle du Sénégal, tó wá ń jẹ́ Université numérique Cheikh Hamidou Kane báyìí. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni, àwọn ibùdó tí wọ́n ń pè ní ENO sì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tiwọn ni wọ́n kọ́ àwọn ibùdó ọ̀hún sí.

Ní ilẹ̀ Faransé, kò sí òfin kan ṣoṣo tó de gbogbo wọn. Yunifásítì kan náà lè jẹ́ kí ẹni tó ń ka sáíkọ́lọ́jì kọ ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, kó sì ní kí ẹni tó ń ka òfin wá sínú ọgbà. Nítorí náà, ẹ má gba ìdáhùn ẹnu. Ẹ kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà gan-an, kí ẹ sì bi wọ́n báyìí: « Où se déroulent les examens de première et de seconde session pour un étudiant résidant au Bénin ? » Ìyẹn ni pé, níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Benin ti ń ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ àti ìdánwò àtúnṣe?

Ẹ má yọ « seconde session » yẹn kúrò. Ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á sì ní kí ẹni tó bá kùnà wá ṣe àtúnṣe rẹ̀ lójúkojú. Ẹ tẹ ìdáhùn wọn sórí ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó.

Tó bá jẹ́ pé inú ọgbà ní Faransé ni, ẹ ṣírò físà mọ́ ọn kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Láti oṣù Òkúdu 2024, físà ọjọ́ díẹ̀ ti di 90 euro fún àgbàlagbà, nǹkan bí 59 000 FCFA, láìka ọkọ̀ òfuurufú, ilé àti oúnjẹ. Òfin ní kí ìwé ìbéèrè físà wọlé ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà ṣáájú lọ. Bí ìwé ìpè ìdánwò bá dé sínú ímeèlì yín nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti pẹ́ jù nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi máa ń ṣáájú fi ìwé ìpè ránṣẹ́.

Lójú tiwa, ẹni tó ń gbé ní Ṣábẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó ìrìn-àjò méjì lọ́dún kò yẹ kó forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì tó ń pe akẹ́kọ̀ọ́ sínú ọgbà, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ tóbi tó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé-ẹ̀rí wo gan-an ni?

Ẹ wo orúkọ ìwé-ẹ̀rí, ẹ má wo ti yunifásítì nìkan. Yunifásítì ìjọba Faransé kan náà ló ń fúnni ní « diplôme national », ìyẹn licence (oyè àkọ́kọ́) tàbí master (oyè kejì), òun náà ló ń fúnni ní « diplôme d'université », tí wọ́n ń gé kúrú sí DU. DU dára fún ẹni tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́ tó kàn fẹ́ fi ìmọ̀ kún ìmọ̀. Ṣùgbọ́n yunifásítì fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, kò sì gbé yín dé ipò licence tàbí master. Nínú ìpolówó, méjèèjì lè jọra bí ìbejì. Krédíìtì, ìyẹn òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ kan gbà, ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀: licence jẹ́ krédíìtì 180 ní sẹ̀mẹ́sítà mẹ́fà, master jẹ́ 120 ní sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin. Bí ẹ kò bá rí krédíìtì tó pé báyìí, ẹ fura.

Fún iṣẹ́ tó ní ẹgbẹ́ àti òfin tirẹ̀, bí iṣẹ́ agbẹjọ́rò tàbí ti nọ́ọ̀sì, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà bóyá wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí ọ̀nà jínjìn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ka òfin ní NOUN fi ń dúró, nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà kò gbà wọ́n wọlé, torí bí òfin tó gbé yunifásítì náà kalẹ̀ ṣe júwe ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tún òfin ọ̀hún ṣe. Ìwé kíkà wọn kò ní àbùkù, gbólóhùn inú òfin ló dè wọ́n.

Ìdánimọ̀ sì lè yí padà lójijì. Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2024, ìjọba Nàìjíríà dá ìdánimọ̀ ìwé-ẹ̀rí tó ń wá láti Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn kan tú u fó pé òun gba ìwé-ẹ̀rí ní Benin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọmọ tó ka tirẹ̀ tọkàntọkàn fún ọdún mẹ́ta jìyà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń gbèrò láti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè, kó ṣàyẹ̀wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ní tiwa níhìn-ín, CAMES, àjọ ètò ẹ̀kọ́ gíga ti Áfíríkà àti Madagásíkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ouagadougou, ní ètò ìdánimọ̀ ìwé-ẹ̀rí láàárín àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ọba lẹ ń fojú sí, ẹ lọ béèrè ọ̀rọ̀ « équivalence », ìyẹn bóyá ìwé-ẹ̀rí òde náà bá ti ilẹ̀ wa dọ́gba, ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ gíga ní Kútọnu kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ mú orúkọ ìwé-ẹ̀rí àti orúkọ yunifásítì lọ lórí bébà, kí ẹ má kàn fẹnu ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ṣé ẹ̀kọ́ náà ṣe é kà láti ilé?

Òfin, sáíkọ́lọ́jì, èdè, ìtàn, ìṣirò, ìmọ̀ ìkówèépamọ́: gbogbo wọn ṣe é kà láti ilé. Ẹ̀kọ́ tó gba ọwọ́ kò ṣe é kà bẹ́ẹ̀. Ará Kétu tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kò nídìí láti máa wá ọ̀nà jínjìn, Université nationale d'agriculture wà nílẹ̀ Kétu, ó sì ní ọgbà mìíràn ní Sakété. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní eré ìdárayá, INJEPS, ilé-ẹ̀kọ́ tó wà fún un, wà ní Àjàṣẹ́. Ìnífásítì Abomey-Calavi fúnra rẹ̀, tó ti wà láti 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Àjàṣẹ́, ní Adjarra àti ní Dangbo, kì í ṣe Calavi nìkan. Ẹ wo àwọn wọ̀nyí ná. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ ń wá lọ sókè òkun wà ní ìrìn wákàtí kan láti ilé yín.

Bí ẹ̀kọ́ náà bá ní « stage » nínú, ìyẹn ìdánrawò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ẹ lè ṣe é ní Benin, ẹni tó gbọ́dọ̀ bójú tó yín níbẹ̀, àti irú ìwé-ẹ̀rí tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ní. Ilé ìwòsàn ní Ṣábẹ̀ lè gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, kí yunifásítì sì kọ̀ torí pé kò sí onísáíkọ́lọ́jì tó gboyè níbẹ̀. Ìwé àdéhùn stage gbọ́dọ̀ ní ìfọwọ́sí yunifásítì kí ẹ tó wọṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe ṣáájú ìfọwọ́sí, wọn kì í kà á.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé, àti orúkọ tí kì í dúró lójú kan

Níbí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹni tí wọ́n kọ ní Adjibadé sínú acte de naissance (ìwé ìbí) rẹ̀ ní Kétu, Ajibade ni wọ́n kọ sínú ìwé tó gbà ní Ìmẹ̀kọ. Ṣadé di Chadé, Akanbí di Akambi, Olúwọlé di Olouwolé. Ìwé kan gbé orúkọ ìdílé ṣáájú, òmíràn gbé e kẹ́yìn, ìkẹta fo orúkọ àárín. Lójú tiwa, ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà yunifásítì, ènìyàn méjì ni, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ gba ìwé ilé-ẹjọ́ wá.

Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé sórí tábìlì kan: acte de naissance, CIP (ìwé ìdánimọ̀) tí àjọ ANIP ń fúnni, páàsípọ́ọ̀tù, attestation ti Bac (ìwé-ẹ̀rí àṣeyege sẹ́kọ́ńdírì), relevé de notes (ìwé àmì ìdánwò). Ẹ fi ìka tẹ̀lé orúkọ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà ìlú tí wọ́n bí yín sí. Àmì orí lẹ́tà, bíi ti é, kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ páàsípọ́ọ̀tù fúnra rẹ̀ kì í gbé àmì. Lẹ́tà tó yàtọ̀ ni kí ẹ máa wá: dj níbì kan, j níbòmíràn; ou níbì kan, u níbòmíràn; ch tó di s. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó ṣí àkáǹtì lórí ìkànnì yunifásítì, kí gbogbo ìwé yòókù tẹ̀lé acte de naissance.

Àwọn tí ìwé wọn sọ pé « né vers », láìsí ọjọ́ àti oṣù, á rí i pé fọ́ọ̀mù kò ní jẹ́ kí wọ́n kọjá láìkọ ọjọ́. Ẹ kọ ọjọ́ tó wà lórí páàsípọ́ọ̀tù, kí ẹ sì máa lo ọjọ́ kan náà yẹn níbi gbogbo. Ẹ má dá ọjọ́ tiyín ṣe.

Orúkọ tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀ ni yóò jáde lórí ìwé-ẹ̀rí. Àṣìṣe lẹ́tà kan tí ẹ bá tètè rí ní oṣù àkọ́kọ́, ímeèlì kan lè tún un ṣe. Tí ẹ bá rí i lórí ìwé-ẹ̀rí fúnra rẹ̀, ẹ ó sáré títí.

Ní ti yíyà wọn sínú kọ̀ǹpútà: ẹ lo sìkánà tó bá wà, 300 dpi, ní àwọ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, PDF kan fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ yà á lábẹ́ ìbòòji fàràńdà ní òwúrọ̀, kí ẹ pa fíláàṣì. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì a máa dán lórí òǹtẹ̀, òǹtẹ̀ náà á di funfun, wọ́n á sì dá ìwé padà pé kò ní òǹtẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ní mérì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ ó nílò ju ọ̀kan lọ. Tó bá jẹ́ yunifásítì Gẹ̀ẹ́sì, olùtumọ̀ tó búra nílé-ẹjọ́ ni kó túmọ̀ relevé de notes yín. Ìtumọ̀ ọ̀rẹ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò níyì níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: owó

Euro kan jẹ́ FCFA 655 àti díẹ̀ (655,957 bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́), iye náà kì í lọ sókè sódò bíi ti náírà. Èyí dùn fún ìṣirò. Láti 2019 ni yunifásítì ìjọba Faransé ti ní iye méjì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, licence jẹ́ 170 euro lọ́dún fún àwọn ọmọ Yúróòpù, 2 770 fún àwọn tó wá láti òde. Master jẹ́ 243 àti 3 770. Ó ti fi díẹ̀ lé láti ìgbà náà. Ẹ sọ ọ́ di owó wa: 170 jẹ́ nǹkan bí 111 500 FCFA, 2 770 jẹ́ 1 817 000. Àárín méjèèjì ni àárín ẹni tó lè ka ìwé àti ẹni tí kò lè kà á.

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń dá akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ kúrò nínú iye ńlá náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa wá lójú ìwé wọn ni « exonération ». Ẹ béèrè ìbéèrè méjì nínú ímeèlì kan: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jínjìn láti Benin wà lábẹ́ iye ńlá, àti èló ni owó ẹ̀kọ́ ọ̀nà jínjìn tí ẹ̀ka náà ń gbà lé owó ìforúkọsílẹ̀. Ìkejì yìí ló ń pamọ́ jù, torí ojú ìwé mìíràn ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí.

Bí ẹ bá fi báǹkì ránṣẹ́, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ báǹkì pé ẹ̀yin ni yóò san gbogbo owó iṣẹ́. « Frais OUR » ni wọ́n ń pè é lórí fọ́ọ̀mù. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ sí SHA, báǹkì ojú ọ̀nà á bu díẹ̀, owó á dín, bí euro 15, kó tó débẹ̀, kọ̀ǹpútà yunifásítì á kọ pé ẹ kò tíì san tán, ọjọ́ ìparí ìsanwó á sì kọjá lórí yín. Ẹ kọ nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi « motif ». Owó tí kò ní nọ́ńbà, wọ́n lè máà mọ olówó rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní NOUN, owó wọlé sínú àpò orí íntánẹ́ẹ̀tì tiyín, láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa fi san nǹkan mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: sẹ̀mẹ́sítà, kọ́ọ̀sì, àti ìdánwò. Ẹni tó san ti kọ́ọ̀sì tó gbàgbé láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, ó kàwé lásán ní sẹ̀mẹ́sítà yẹn nìyẹn. Remita, ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n ń lò, gbogbo ìsanwó sì ní nọ́ńbà RRR oní-díjíìtì 12. Bí ẹ bá fún ẹnìkan lówó ní ẹnubodè pé kó bá yín san án, kó má kúrò lọ́dọ̀ yín láìkọ RRR náà sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù tiyín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: wákàtí

Krédíìtì kan jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30. Ọdún kan tó pé jẹ́ krédíìtì 60, ìyẹn wákàtí 1 500 sí 1 800. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń tajà kò lè ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹ béèrè bóyá wọ́n gbà kí ẹ pín ọdún kan sí méjì. Krédíìtì 30 lọ́dún jẹ́ wákàtí 750 sí 900. Tí ẹ bá pín in sí ọ̀sẹ̀ 40, ó kù wákàtí 19 sí 23 lọ́sẹ̀. Wákàtí méjì ní ìdájí láti Ajé dé Ẹtì jẹ́ mẹ́wàá. Márùn-ún ní Àbámẹ́ta, márùn-ún ní Àìkú, ó pé.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ọjọ́ ọjà. Bí ọjà ìlú yín bá ń ná lọ́rọọrún, kì í dúró lójú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yìí ó bọ́ sí Ajé àti Ẹtì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó bọ́ sí Ìṣẹ́gun àti Àbámẹ́ta. Ètò tó sọ pé « mo máa ń kàwé ní alẹ́ Ọjọ́rú » á fọ́ láàárín oṣù kan. Ẹ mú kàlẹ́ńdà, ẹ sàmì sí gbogbo ọjọ́ ọjà títí dé ìparí sẹ̀mẹ́sítà, kí ẹ tó pín wákàtí. Ẹ sàmì sí ìgbà ìkórè àti ọdún iléyá pẹ̀lú. Ọjọ́ tó ṣẹ́ kù ni ọjọ́ ìwé.

Ìgbésẹ̀ keje: íntánẹ́ẹ̀tì

Fídíò wákàtí kan ní 480p ń jẹ nǹkan bí 500 mẹ́gà, ní 720p ó lè tó gígábáìtì (GB) kan. Bí ẹ bá ń wo wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀ ní 480p, ẹ ra GB mẹ́wàá lóṣù, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e. Ohùn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ nǹkankan. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lo Moodle, ìkànnì tí wọ́n ń kó ẹ̀kọ́ sí, áàpù rẹ̀ lórí fóònù sì lè gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ẹ kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí yunifásítì bá gbà á láàyè. Ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní ìdájí.

Ẹ ní káàdì SIM méjì láti ilé-iṣẹ́ méjì, MTN, Moov tàbí Celtiis, èyí tó bá gbé dáadáa nínú yàrá tí ẹ ó ti máa ṣiṣẹ́. Ẹ dán wọn wò ní aago márùn-ún ìdájí àti ní aago mẹ́jọ alẹ́, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdájí kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì alẹ́. Ní abúlé tó kan ẹnubodè, fóònù lè gbá nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà mú láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ ó kàn rí i pé owó ti tán. Ẹ pa « itinérance des données » nínú fóònù, kí ẹ sì yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra yín.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: iṣẹ́ àṣefiránṣẹ́

Ní NOUN, iṣẹ́ àṣefiránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMA jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò jẹ́ 70. Ẹni tó fo TMA ti gbé 30 sọnù kó tó wọ ilé ìdánwò. Ní Faransé, ìpín náà yàtọ̀ láti ẹ̀kọ́ dé ẹ̀kọ́, inú ìwé « modalités de contrôle des connaissances » ló wà. Ẹ kà á ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú àkókò. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ, méjèèjì sì mọ ọjọ́ tí ẹ ń kánjú. Orúkọ fáìlì kó jẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó jẹ́, láìsí àmì orí lẹ́tà, láìsí àlàfo. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́, ẹ gba fáìlì náà padà láti orí ìkànnì, kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì ya àwòrán ojú ìwé tó fi wákàtí hàn. Bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ láìsọ pé tirẹ̀ ni, Compilatio tàbí Turnitin, ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀rọ̀ àdàkọ, á rí i. Ẹ fi í sínú àmì àyọlò, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ín.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọjọ́ ìdánwò

Aago Benin kì í yí. Ti Faransé ń sún síwájú ní Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Ẹrẹ́nà, ó ń padà ní Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀wàrà. Nígbà òtútù wọn, aago wa dọ́gba. Láàárín ọjọ́ méjèèjì yẹn, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ìdánwò tí wọ́n kọ 14h00 sí ní oṣù Èbìbí, aago kan ọ̀sán ni ní Kétu. Iṣẹ́ tó parí ní 23h59 níbẹ̀, 22h59 ló parí níhìn-ín. Ti Dakar jẹ́ òdìkejì: aago mẹ́sàn-án wọn ni mẹ́wàá wa. Ti Nàìjíríà kò yàtọ̀ sí tiwa.

Bó bá jẹ́ ìdánwò oníkámẹ́rà, ẹ wá yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tí ọmọdé kò lè sáré wọ̀. Ẹlòmíràn tó bá kọjá lójú kámẹ́rà lè di ẹ̀sùn. Ilé íntánẹ́ẹ̀tì tí èrò pọ̀ sí kò dára fún un. Bátìrì kọ̀ǹpútà kó kún, kí fóònù tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí páwà báńkì, kí káàdì kejì ti wà nínú fóònù kejì, ní títàn. Ẹ ṣe ìdánwò ìdánrawò tí wọ́n bá fún yín lórí kọ̀ǹpútà kan náà, nínú yàrá kan náà, ní wákàtí kan náà.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ní yunifásítì Faransé, 10 nínú 20 ni ẹ fi ń yege, àmì gíga nínú ẹ̀kọ́ kan sì lè gbé èyí tó lọ sílẹ̀ nínú òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wá sí ìdánwò kan rárá, « défaillant » ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ sí i lára, wọn kò sì ní ṣírò sẹ̀mẹ́sítà rẹ̀ rárá. Nítorí náà, bí ìwé kan bá ti le jù fún yín, ẹ lọ jókòó, ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ ìwọ̀nba tí ẹ mọ̀. 2 nínú 20 sàn ju àìwá lọ fíìfíì. Bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já lójú ìdánwò, ẹ ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú aago rẹ̀, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti orí fóònù lójú ẹsẹ̀, kó má di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ tí ẹ bá ti yege nínú rẹ̀, krédíìtì rẹ̀ ti di tiyín. Bí ọdún kan bá le, ẹ lè sinmi kí ẹ sì padà wá bá ìyókù, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ẹ tó lọ.

Lẹ́yìn àbájáde

Gba relevé de notes ọdọọdún sílẹ̀ ní PDF bó bá ti jáde, torí àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ a máa tì lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. « Attestation de réussite », ìwé tó jẹ́rìí pé ẹ yege, ló ń kọ́kọ́ jáde, òun ni ẹ ó sì máa lò fún iṣẹ́ tàbí fún master. Ìwé-ẹ̀rí gan-an lè pẹ́ kó tó ṣetán. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi ránṣẹ́, tàbí ẹ yan mọ̀lẹ́bí tó wà nítòsí ibẹ̀ láti bá yín gbà á pẹ̀lú « procuration » (ìwé àṣẹ) tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ yín àti tirẹ̀. Orúkọ ẹni náà nínú procuration kó rí bó ṣe wà lórí káàdì tirẹ̀ gẹ́lẹ́, lẹ́tà fún lẹ́tà, kó má baà rìn dé ọ́fíìsì kó sì padà lọ́wọ́ òfo.